Nínú Ṣọ́ọ̀bù Idwal, ní Dolgellau

Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sí alùpùpù náà lára.
Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó ń wò mí
bí ẹni tó mọ iye tó wà lápò mi.
Mo gùn ún. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló kan ilẹ̀.

Idwal ń fi àkísà nu ọwọ́, kò yìn ín, kò bú u.
Ó ní, "Heulwen, lánàá, lọ́nà Bala, nínú òjò,
nígbà tí àgùntàn dábùú títì,
ta ló tẹ bíréèkì, ìwọ àbí ẹ̀rù?"

N kò fèsì.
Ẹ̀rù ni.
Táyà ẹ̀yìn yọ̀ mọ́ mi lábẹ́ bí ẹja,
lórí ẹ̀rọ kékeré tí mo ti ń pè ní ohun ìṣeré.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, mo gbà,
ṣùgbọ́n eku a máa lálàá ààfin.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kan táǹkì rẹ̀.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kan aláwọ̀ eérú,
àádọ́talélẹ́gbẹ̀ta, kò tilẹ̀ wò mí.
Mo gùn ún. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì balẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ó di ọdún méjì," ni mo wí fún pupa ọ̀hún.
Idwal rẹ́rìn-ín:
"Kọ́kọ́ lọ bá àgùntàn yẹn parí ọ̀rọ̀."