Ojú Tí Mo Wò

Ní èbúté Ìpakodò, bí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀,
èèyàn mọ́kàndínlógún la wọ ọkọ̀ ojú omi,
bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wa, oorun lójú wa.
A ò tíì rìn jìnnà
tí nǹkan tútù kan fi lá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi.
Omi.

Mo gbójú sókè.
Bàbá Odùkọ̀yà ń ka ìwé ìròyìn àná,
Mosúnmọ́lá nọ́ọ̀sì ń kun ètè,
ọmọkùnrin kan tẹ fóònù, ó rẹ́rìn-ín sí i.
Mo ní: bó bá jẹ́ nǹkan ni, wọn ì bá ti sọ̀rọ̀.
Mo ká ẹsẹ̀ kò bíi pé ó wù mí bẹ́ẹ̀,
mo wo ọ̀sà bí ẹni tó ń gbádùn atẹ́gùn.

Omi dé ọrùn ẹsẹ̀.
Bàbá ṣí ojú ìwé kejì.
Ohùn kan ń jà nínú mi: sọ ọ́!
Ìtìjú fọwọ́ bò ó lẹ́nu.
Ta ni yóò kọ́kọ́ pera rẹ̀ lójo
lójú èèyàn méjìdínlógún?

A gúnlẹ̀. Orí ló kó wa yọ, kì í ṣe ọgbọ́n.
Mo ń fún ìbọ̀sẹ̀ mi lórí pákó èbúté
nígbà tí Bàbá Odùkọ̀yà jókòó tì mí,
tó bọ́ bàtà tirẹ̀,
tó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùù.
"Àyà mi já lónìí," ó ní,
"àmọ́ mo wojú ẹ, o ń gbatẹ́gùn jẹ́jẹ́,
ni mo bá ní kò séwu."

Mi ò rí èsì fọ̀.
Mo ń fún ìbọ̀sẹ̀ lọ.