Ìpè Láti Abẹ́ Ilẹ̀

Ṣógbésàn pè mí ní Láfẹ́nwá,
mo jókòó sórí irin rélùwéè àtijọ́,
ewúrẹ́ kan sùn sáàárín rẹ̀, kò bẹ̀rù nǹkan kan.

Ó ní òun wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Nàgóyà,
àtẹ̀gùn mẹ́ta lòun sọ̀ kalẹ̀,
èrò tò lọ bíi tìràà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
"Ìlà aláwọ̀ ìyeyè kan wà nílẹ̀, ó yọ kókó-kókó,
ẹsẹ̀ ni afọ́jú fi ń kà á."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ níbẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa ọmọ abẹ́ òkúta?"

Ló bá dákẹ́.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òjò ti ṣú nílé?"

Mo gbójú sókè kí n tó dáhùn.
Rélùwéè já wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀, ohùn pòórá.

Ewúrẹ́ gbọn etí.