Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Àkọsílẹ̀ Ìpàdé

Mo kọ ọ́ pé: ìpàdé àwọn adarí
Ibùdó Ìkọ́ṣẹ́ Olùkọ́ àti Ọgbọ́n Tuntun,
Ògbómọ̀ṣọ́, aago mẹ́wàá àárọ̀.
N kò kọ ọ́ pé aago ti lu mẹ́wàá kọjá,
Olùdarí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojírọ́lá Olúokun,
ṣì lóṣòó sábẹ́ igi kajú,
ó ń bi ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀ léèrè
ohun tó mú un máa sá fún ìṣirò.
"Tíṣà wa kì í dúró dè mí," lọmọ náà wí.
Ìyá ṣe "hùn."
Ó wọlé tòun ti eruku ọyẹ́ létí ìró,
kò tọrọ àforíjì.

Mo kọ ọ́ pé Igbákejì Olùdarí gbé àbá kalẹ̀.
Àbá kọ́. Páálí ni Dókítà Ọlátóyè gbé sórí tábìlì,
páálí bàtà tó dá ihò sí,
dígí awò ìyá rẹ̀ tó fọ́ lójú kan,
bátìrì ọ̀kadà, wáyà pupa, wáyà dúdú.
Ó ní bí a bá gbé e dé Ajáàwà,
ọmọ tí kò rí ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá rí
yóò rí i lára ògiri
bí inú àlùbọ́sà ṣe tò bí bíríkì.
Ojú rẹ̀ ń dán
bí ojú ọmọ tó ká mángòrò onímángòrò
tí ẹnikẹ́ni ò rí i.

Díákónì Ọláwoyin, akápò wa, bọ́ awò ojú.
"Èló ni?"
Ọkùnrin yìí, kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣọ́ọ̀kì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀
bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ ló fi tì.
Mo kọ ọ́ pé: "Àríyànjiyàn díẹ̀ wáyé."
Díẹ̀! Ẹyẹlé orí páànù fò lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, a dé Ajáàwà.
Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta, bẹ́ǹṣì mẹ́rìndínlógún.
Títíloyè, ẹni tí a ń kọ́ níṣẹ́ olùkọ́,
tẹ bọ́tìnnì. Kò tàn.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọyẹ́ ti bo ojú oòrùn láti àárọ̀,
sólà kò rí nǹkan kan mu.
Ògiri wà bí ògiri.
Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí wáyà,
òógùn bò ó nínú òtútù.
Títíloyè wo Olùdarí, omi lé e lójú.
Olùdarí kò ràn án lọ́wọ́, kò bá a wí.
Ó ń dúró.
Ó ń dúró, mo sọ fún yín,
bí ẹni tó ní gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni ọmọ kan níwájú
bó awọ tínrín lára àlùbọ́sà tirẹ̀,
ó nà án sí ojú fèrèsé:
"Àǹtí, ẹ wá wò ó, ilà wà nínú rẹ̀."
Gbogbo kíláàsì ya lọ sídìí fèrèsé.
Títíloyè náà lọ.
Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé,
orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n,
ó ní, "Èmi ò rí i dáadáa. Ta ni yóò kọ́ mi?"

Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. A ó tún un ṣe."
Bó ṣe yẹ kí akọ̀wé kọ ọ́ nìyẹn.

Àmọ́ nírọ̀lẹ́, Díákónì wá bu ọwọ́ lù ú.
Ó kà á tán, ó dákẹ́.
Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì mi.
"Fi kún un pé a ó ra bátìrì tuntun."
Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà:
"Àti àlùbọ́sà. Kọ àlùbọ́sà sí i."