Rọ́bà Ìfàpo

Èèrà ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò,
lẹ́yìn balùwẹ̀ wa ní Òkè-Àdó.
Wọ́n tò lọ síbi tí Bàbá tọ̀ sí lóru
kí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tó sọ ohunkóhun.

Dókítà Moróunkéjì pe àrùn náà lédè Òyìnbó.
Bàbá ní, "Dayabítíìsì. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀:
"Àwọn Òyìnbó náà yá a ni, bàbá. Ti àwọn Gíríkì ni.
Ohun tó ń gba inú nǹkan kọjá.
Bíi rọ́bà tí ẹ fi ń fa epo nínú táǹkì."

Bàbá dákẹ́.
Ogójì ọdún ló fi fẹnu fa bẹntiróò:
á fà á, á tutọ́ dànù,
á ki rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, epo á máa dá rìn.
Ọdún tí epo wọ́n, tí ọkọ̀ tò dé Mókọ́lá,
òun ló mọ bí a ṣe ń gba lítà méjì
lára ọkọ̀ tó ti kú.

"Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí," ó ní, "mẹkáníìkì ni."

Lálẹ́ yẹn ó mu kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta, òǹgbẹ ò lọ.
Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Mò ń ronú ìlú Gíríkì tí n kò dé rí,
bóyá ọmọ kan jí lóru níbẹ̀ náà,
tó ń ka ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ta ló fẹnu sí ìdí rọ́bà yìí,
tó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
tó sì gbàgbé láti dí i?