Páìpù Èéfín

Ní Ogallala, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo,
Verlin tẹ́ páìpù èéfín méjì sórí àpò ìrúgbìn:
ọ̀kan gùn, ó lọ́ wọ́rọ́kọ bí ìfun ewúrẹ́;
ọ̀kan kúrú, kò ní í gbún ọ̀pá ìdarí.

LaVonne ní, "Èyí tó gùn yẹn á máa họ ilẹ̀."
"Agbára ńkọ́?"
LaVonne wọlé lọ.

Fọ́ọ̀dù bàbá rẹ̀ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún,
irin àgbà tí ń wúkọ́ kó tó jí.

Ó de èyí tó gùn. Nọ́ọ̀tì kan já sí koríko, kò wá a.
Ọkọ̀ bú ramúramù,
ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí dé ẹnu géètì,
níbi tí ajá bàbá,
tó máa ń gbọ́ Fọ́ọ̀dù náà láti ìbùsọ̀ kan,
tí yóò sì ti máa ju ìrù,
ti gbó mọ́ ọn bí olè.