Ògbufọ̀ Ilé Ẹ̀yìn Ojú Irin

Ilé bàbá àgbà wọn ni, ní Ọ̀fà, lẹ́yìn ojú irin,
alájà méjì, páànù rẹ̀ ti pọ́n ju osùn lọ.
Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn tà á.
Mo ti ta ilẹ̀ fún lọ́yà,
mo ti ta ilé tí àǹjọ̀nú ń gbé fún olùkọ́ ìṣirò,
ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí:
ọmọ àbúrò fẹ́ rà, Àbíjàn la bí i sí, Faransé ló ń sọ;
ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ tà, Tùríìnì ló dàgbà sí,
èdè Ìtálì ló fi ń lálàá, òun náà ló fi ń bínú.
Imú kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì.
Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan,
wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo dé Ìlọrin, mo dé Tàǹkẹ́.
Ọmọ yunifásítì kan gbọ́ Faransé, ó gbọ́ ọ dáadáa;
bí mo ti dárúkọ Ìtálì, ó ní ṣé ti bọ́ọ̀lù ni.
Fádà àgbà kan ti kàwé ní Róòmù nígbà kan,
ó ní àdúrà lòun fi í gbà,
òun ò fi í wọn ilẹ̀ rí.
Ará Èkó ní kí n máa san owó lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan:
iye tó pè tó fèrèsé ilé náà rà tán.

Àṣé Múníbátù tó ń ta símẹ́ńtì ní Ìyerú,
ẹni tí mo jẹ ní gbèsè àpò mẹ́rin,
ọdún mẹ́sàn-án ló fi wẹ arúgbó ní Tùríìnì,
lẹ́yìn tó ti fi mẹ́fà ta aṣọ ní Kùtọ̀nù.
N kò bi í rí.
Onígbèsè kì í dúró béèrè ìtàn.

Ó wá. Ó fi ìborùn nu àga. Ó bẹ̀rẹ̀.
Yàrá mẹ́jọ kọjá lẹ́nu rẹ̀ bí omi.
Kànga, ògiri, ibi tí aládùúgbò ti yẹ ààlà,
ó ń gbà á lápá òsì, ó ń jù ú sápá ọ̀tún,
òógùn bò ó.
A dé ìdí igi ọsàn.
Ọmọ Tùríìnì sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.
Múníbátù dákẹ́.
Mo ní, “Kí ló wí? Ṣé ó fowó lé e ni?”
“Ìwọ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n rì síbẹ̀. Ó ní òun ò ta ibẹ̀.
N ò mọ bí Faransé ṣe ń pe ìyẹn.
Arúgbó ni mo wẹ̀, n ò gbẹ̀bí.”

Kò rí ọ̀rọ̀ rà.
Ó dìde, ó fọwọ́ kan ìdodo ara rẹ̀ lórí bùbá,
ó tọ́ka sílẹ̀.
Ọmọ Àbíjàn wo igi náà, ó pẹ́ níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó sọ gbólóhùn kan,
èyí tí Múníbátù ò túmọ̀ fún mi.

Wọn ò tíì fọwọ́ síwèé títí dòní.
Owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ mọ́ gbèsè:
èdè kan, àpò kan.
Mo ní, ìdákẹ́ yẹn ńkọ́?
Ó ní ènì nìyẹn.