Òórùn Ẹnu Dúródọlá

Ní Ṣíkà, lẹ́yìn Sàríà, dókítà fún wa ní òṣùwọ̀n kékeré,
irú èyí tí alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń wọn òrùka.
Ó ní: "Ẹ má fojú díwọ̀n mọ́, ìyá Dúró.
Ojú a máa ṣàánú. Òṣùwọ̀n kì í ṣàánú."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn oúnjẹ ọmọ mi bí ẹni ń wọn wúrà:
ẹyin kan àbọ̀, yákúwà ẹ̀kúnwọ́ tí kò kún,
mánṣánú tí Ìnná Kúlú gbé ti rúgà wá nínú igbá,
ṣíbí mẹ́rin. Dúró á fajú ro bí ẹni mu àgbo.
Kò sí iṣu. Kò sí túwó. Kò sí ìrẹsì ọjọ́ ọdún.
Ìyá mi pè mí láti Ọ̀fà:
"Ọ̀rá ṣáá? Ṣé ọmọ ni àbí àtùpà?"

Àtùpà ni, màámi. Àtùpà gan-an ni.
Bí ṣúgà bá tán nínú ẹ̀jẹ̀, ara kì í jókòó sunkún.
Ẹ̀dọ̀ á dìde, á kó ọ̀rá jọ,
á yọ́ ọ, á gé e wẹ́wẹ́, á sọ ọ́ di kítóònù,
á gbé e fún ọpọlọ: "Gbà, fi èyí dáná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́."
Báyìí làwọn baba ńlá wa ṣe la ìyàn kọjá
tí wọn kò gbàgbé orúkọ ọmọ wọn.
Ọpọlọ tó ń ta gìrì lẹ́ẹ̀mejìlá lóòjọ́
yá iná yẹn, ó dákẹ́.
Dókítà ní àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni mo gbọ́ òórùn náà.
Mo tẹ̀ba láti nu ẹnu rẹ̀:
gúáfà,
gúáfà tó pọ́n kọjá, tó já sílẹ̀, tí eṣinṣin ti yí ká.
Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.
Òórùn yẹn ló wà lẹ́nu bàbá mi ní Kàkúrí,
lọ́dún tí ilé iṣẹ́ aṣọ tilẹ̀kùn.
Àtọ̀gbẹ ni. Abẹ́rẹ́ tán, owó tán,
ó ń mí bí ẹni sáré gòkè,
ẹnu rẹ̀ ń ta sánsán bí ọgbà èso,
a rò pé ó mutí ni. A tún bínú sí i.

Mo gbé Dúró gun àṣábà, ó di Ṣíkà.
Sìsítà Ládì ki pépà bọ ìtọ̀ rẹ̀, ó di elésè àlùkò.
Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí là ń wá.
Iná kan náà ni, ìyá Dúró.
Ti ọmọ rẹ wà nínú ààrò, a ń ṣọ́ ọ.
Ti bàbá rẹ gun òrùlé, kò rí ẹni pa á."
Orí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ni mo ti sun
ẹkún tí n kò sun láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Ààwẹ̀ dé. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀,
gbogbo àdúgbò á gbọ́ òórùn ọmọ mi díẹ̀díẹ̀:
Màlámù Bàlá aránṣọ, àwọn ọmọ ilé kéwú.
Dúró ní òun náà ń gbààwẹ̀.
Ṣàmsù ọmọ Bàlá há dàbínò mẹ́ta fún un,
ọ̀rẹ́ ni wọ́n.
Agogo méjì òru, ibùsùn mì.
N kò bá Ṣàmsù wí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
*Dàbínò, mẹ́ta. Wárápá, ìṣẹ́jú méjì.*

Ọjọ́ kọkànlélógójì rèé láti ìgbà yẹn.
Mo ṣì máa ń jí lóru.
N kò fọwọ́ kan ibùsùn mọ́ bóyá ó ń mì.
Imú ni mo ń gbé sún mọ́ ẹnu rẹ̀.
Gúáfà.
Mo padà lọ sùn. Mánṣánú kù díẹ̀ nísàlẹ̀ igbá;
lọ́la, bí ọ̀nà bá dára, Ìnná Kúlú á dé.